Fàdákà gbówó lórí, ṣé owó ẹyọ yín náà gbówó lórí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàbọ̀ o. Ìbéèrè yìí ò jẹ́ n sinmi, "Fàdákà ti wọ́n, ṣé owó ẹyọ àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi náà ti wọ́n nìyẹn?" Èwo ló wà lọ́wọ́ yín ná?

Ẹ wo Morgan dollar yìí, owó ẹyọ fàdákà ti Amẹ́ríkà, ọdún 1921 ni wọ́n rọ ọ́, giráàmù 26.73 ni. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìṣe rèé! Wọ́n á gbé e sórí síkéèlì, wọ́n á ṣírò gbogbo ẹ̀ bíi pé fàdákà pọ́ńbélé ni. RÁRÁ O! 90 nínú 100 ni fàdákà, kọ́pà ló kù. Ẹ yọ kọ́pà kúrò, ó ku giráàmù 24 àti díẹ̀, ẹ wá pín in sí 31.1, torí giráàmù 31.1 ni áúnsì tí wọ́n fi ń ta fàdákà, kì í ṣe áúnsì onígiráàmù 28.35 tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ. Mo tún un sọ, 31.1! Áúnsì 0.77 péré ló máa já sí. Èmi náà ti fi 28.35 ṣírò rí, mo ti ń fọ́nnu káàkiri, àfìgbà tí ẹni tó fẹ́ rà á yọ kalikulétọ̀ síta, ẹnu mi pa dé wẹ́lo.

Iye fàdákà inú ẹ̀ yẹn, òun nisàlẹ̀, owó ẹyọ ọ̀hún kì í sábà lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Bí mo ṣe máa ń rò ó ni pé iye fàdákà lodò, èyí tó pọ̀ nígboro bíi ti 1921 yìí lọkọ̀ ojú omi: odò kún, ọkọ̀ gòkè, odò fà, ọkọ̀ wálẹ̀. Àmọ́ èyí tó ṣọ̀wọ́n, ẹyẹ orí ìrókò ni, kí ló kàn án nínú omi? Double Eagle 1933, owó ẹyọ wúrà ti Amẹ́ríkà, wúrà inú ẹ̀ ò tó áúnsì kan o, wọ́n tà á ní New York lọ́dún 2021 ní dọ́là mílíọ̀nù 18.9! Ṣé wúrà lẹni yẹn rà ni?

Ẹ tún gbọ́. Ní January 1980 tí áúnsì fàdákà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 50, ńṣe làwọn èèyàn ń kó owó ẹyọ lọ yọ́. Torí ẹ̀, iye tí ìwé sọ pé wọ́n rọ kọ́ ló ṣẹ́kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ MÁ fi ohunkóhun dán an kẹ́ ẹ tó gbé e lọ tà! Fàdákà inú ẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ dín, àmọ́ àwọn tó ń kó o jọ ò ní fẹ́ ẹ mọ́, ẹyẹ yín ti já bọ́ sínú ọkọ̀ nìyẹn.