Ìdí Tí Nọ́ọ̀tì Táyà Tírélà Fi Ń Dẹ̀ Lẹ́yìn Tí Ẹ Ti Dè É Tán

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ yanjú ọ̀rọ̀ kan: nígbà tí mo bá pe tírélà nínú fídíò yìí, kì í ṣe èyí tí ó ń kó sìmẹ́ńtì jáde ní Ewékorò ni mò ń sọ. Ilé kékeré onítáyà ni, èyí tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ pick-up, tí ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìtura wà nínú rẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fà lọ sí etí òkun àti inú igbó nígbà tí ọmọ bá gba ìsinmi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí èmi náà ti ń fa tèmi kiri Texas láti Katy níbi tí mò ń gbé.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀, tàbí bí a ṣe ń fi igi há táyà ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó má baà yí. Ẹni tí ó ti ra tírélà ti mọ ìyẹn.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọkùnrin tí ó ṣe é fún mi gbé impact gun, ẹ̀rọ tí ó ń fi agbára yí nọ́ọ̀tì, ó ń dún drrr, drrr, kò sì pẹ́ rárá tí ó fi ti nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí táyà kọ̀ọ̀kan wọlé. Mo dúpẹ́, mo sanwó, mo gba ọ̀nà I-10, ó di San Antonio. N kò yẹ nǹkan kan wò. Nígbà tí mo yà láti ra epo lẹ́yìn Columbus, mo rí ohun kan lára táyà ẹ̀yìn lápá òsì: ìlà pupa tín-ín-rín, bí omijé tí ó gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé, ó ń ṣàn jáde láti abẹ́ nọ́ọ̀tì méjì. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó yí. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí i o, n kò tíì mú sípánà! Sítọ́ọ̀dù kan, irin tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, ti ṣẹ́ pátápátá, ìyàwó mi sì jókòó sínú ọkọ̀, ó ń jẹ gúgúrú, kò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí táyà kan ṣáájú wa dé San Antonio. Kò sí ohun tí ó ta mí lólobó níbi tí mo ti ń wa ọkọ̀, nítorí pé bí nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bá dẹ̀, ọwọ́ yín á gbọ̀n lórí sítíárìn, ṣùgbọ́n tírélà wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ohun tí ó bá ń ṣe é, ara rẹ̀ nìkan ni ó ń bá sọ ọ́.

Kí ni ó ń di táyà mú gan-an? Sítọ́ọ̀dù jẹ́ irin tí ó ń nà díẹ̀ bí a ṣe ń de nọ́ọ̀tì, tí ó sì ń fẹ́ sún kì padà sí gígùn rẹ̀ àtijọ́. Sísún kì yẹn ni ó ń fún ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù, irin tí a ń de ríìmù mọ́. Ẹ wo rọ́bà ìdí ṣòkòtò. Bí kò bá nà, ṣòkòtò á bọ́ sílẹ̀ lójú agbo. Bí ẹ bá sì nà án kọjá agbára rẹ̀, á dẹ̀, kò ní bọ̀ sípò mọ́ láéláé. Ìdí nìyí tí àdèjù fi burú bí àìdè ṣe burú. Ti tírélà tún wá le ju ti ọkọ̀ lọ, nítorí pé áàsù méjì, irin ìdábùú tí táyà wà létí rẹ̀, tí ó sún mọ́ra ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti pé bí ẹ bá yí kọ́nà tí ó há, táyà wọ̀nyẹn kì í yí lásán, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń wọ́ ilẹ̀, gbogbo ìwọ́lẹ̀ náà á sì já lé sítọ́ọ̀dù lórí. Lára ọ̀pọ̀ tírélà, nọ́ọ̀tì yìí kan náà ni ó ń mú ríìmù dúró sí àárín gbùngbùn. Họ́ọ̀bù kì í ràn án lọ́wọ́.

Ó yá, iṣẹ́ wá kàn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gé ìpẹtà àti ìdọ̀tí kúrò lójú họ́ọ̀bù, lẹ́yìn ríìmù, àti lára sítọ́ọ̀dù. Kí ó gbẹ. Ẹ MÁ FI ÒRÓRÓ SÍ I. Ẹ MÁ FI GÍRÍÌSÌ SÍ I. Mo mọ̀ pé ọ̀gá tí ó kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́ ní Mushin máa ń fi gíríìsì díẹ̀ sí i kí nọ́ọ̀tì má baà dípẹtà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí a bá pín agbára tí ẹ fi ń yí nọ́ọ̀tì sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni irin tí ó ń ra irin ń jẹ, ọ̀kan péré ni ó ń lọ sí nínà sítọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá wá fi gíríìsì mú kí ó máa yọ̀, sípánà á ṣì ka iye kan náà sí yín létí, ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀dù á ti nà kọjá ibi tí ẹ rò. Iye tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé, sítọ́ọ̀dù gbígbẹ ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé, kí ojú rẹ̀ tí ó rí ṣóńṣó kọjú sí ríìmù, nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Lẹ́yìn náà ni sípánà tí ó ń wọn agbára, torque wrench, yóò bọ́ sójú iṣẹ́.

Ǹjẹ́ ẹ ti dúró ti ẹni tí ó ń ṣe ìlù dùndún rí? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìsẹ́yìn, bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí mo máa ń sá níléèwé lọ wò. Kì í fa ọṣán apá kan le tán kí ó tó kọjá sí apá kejì. Á fa díẹ̀ níhìn-ín, á yí ìlù po, á fa díẹ̀ ní òdìkejì, á tún yí i, títí ojú awọ yóò fi tẹ́jú láìfì síbì kan. Bí a ṣe ń de ríìmù gan-an nìyẹn. Bí nọ́ọ̀tì bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì kọjá sí èyí tí ó dojú kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, ẹ máa fo ọ̀kan títí ẹ ó fi kárí wọn. Ẹni tí ó bá ń dè é tẹ̀ lé ara wọn yípo, ríìmù rẹ̀ á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹsẹẹsẹ ni iye náà ń gòkè. Dexter, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe áàsù fún ọ̀pọ̀ tírélà, kọ ọ́ sínú ìwé wọn fún ríìmù 14 sí 16 ínǹṣì pé kí a kọ́kọ́ de gbogbo rẹ̀ dé fúùtì-páùnù (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) 20 sí 25, kí a tún kárí wọn dé 50 sí 60, kí a tó wá parí rẹ̀ sí 90 sí 120. Ti ríìmù 12 tàbí 13 kò ju 50 sí 75 lọ níparí. Ìwé tí ó bá tírélà tiyín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí ẹ tó ṣe ìpele ìkẹyìn, ẹ sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀ kí táyà lè kan ilẹ̀, kí ó má baà máa bá yín yí.

Ẹ di ọwọ́ sípánà mú ní àárín, kí ẹ fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ó bá ti dún "kẹ́", ẹ dúró. Kẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ tí ó tún fà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lè dá a lójú, ó ti ń dè é jù nìyẹn. Ọmọ-iṣẹ́ fọkanáísà tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò sórí sípánà nílé wa kò mọ iye tí ó ń dè é dé, bẹ́ẹ̀ ni impact gun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi sípánà yìí tú nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì dá a padà sí iye tí ó kéré jù kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀.

Ibi tí gbogbo yín ti ń kúrò lẹ́yìn mi la dé yìí. Ẹ ti dè é tán, ẹ ti nu ọwọ́, ẹ ti gbọ́ kẹ́ lórí gbogbo wọn, ẹ wá rò pé iṣẹ́ parí. Kò parí! Ọ̀dà, ìpẹtà tí ó ṣẹ́kù àti ojú irin tí nọ́ọ̀tì fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn ni yóò tẹ́ díẹ̀ nígbà tí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú títì. Bí ibi tí nọ́ọ̀tì jókòó lé bá ti lọ sílẹ̀, kódà kí ó tín-ín-rín ju ìwé ìròyìn lọ, nínà sítọ́ọ̀dù ti dín kù nìyẹn. Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi: MÁÌLÌ 10, MÁÌLÌ 25, MÁÌLÌ 50. Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ dúró, kí ẹ gbé sípánà jáde, kí ẹ kárí gbogbo nọ́ọ̀tì, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti tú táyà, àti nígbà tí tírélà bá ṣì jẹ́ tuntun láti ilé iṣẹ́.

Bí mo bá kúrò ní Katy gba ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn, Brookshire ni mo ti ń ṣe àkọ́kọ́, mo ń ṣe èkejì ní Sealy, mo sì ń ṣe ẹ̀kẹta ní Columbus. Ìyàwó mi ti mọ̀ ọ́n. Sealy ni ó ti ń ra kọfí. Mo máa ń jẹ́ kí ríìmù tutù díẹ̀, n kò sì ń tú nọ́ọ̀tì kí n tó tún un dè: mo kàn ń fi sípánà lé e ní iye àtẹ̀yìnwá ni. Bí ó bá yí bíńtín ní Brookshire kí ó tó dún, kò sí wàhálà, ó ti jókòó dáadáa báyìí. Ní Sealy, ó yẹ kí ó dún láìyí rárá. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tì kan náà bá tún yí ní Columbus, ẹ má tún un dè kí ẹ máa lọ. Ẹ gbé jáàkì jáde, ẹ tú táyà náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wo ihò ríìmù bóyá ó ti gùn bí ẹyin, kí ẹ sì wo ọrùn sítọ́ọ̀dù bóyá ó ti là.