Jáàsì ní Ifẹ̀: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Ọmọdé àti Àgbà Jọ Gun Orí Ìtàgé

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ọ̀rọ̀ jáàsì, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, la gbé wá lónìí, pàápàá àjọ̀dún jáàsì tí wọ́n máa ń fi ọ̀pọ̀ alẹ́ ṣe, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú àti ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ yóò jọ ṣeré. Ó wù mí kí irú rẹ̀ máa wáyé ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dọọdún. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí báńdì jáàsì ń ṣe gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé orin náà ò yé àwọn.

Ó yé yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ rántí dùndún: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele àti gúdúgúdú ń gbè é lẹ́yìn, wọn ò sì jẹ́ kí ìlù já. Nínú jáàsì, báàsì, ohun èlò olókùn tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, àti onílù ló ń di ilẹ̀ mú, dùùrù ń gbè, sasofóònù tàbí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jọ kọ orin náà bó ṣe wà. Kì í gùn. Bó bá parí, wọ́n á tún mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, orin yẹn á máa yí po nísàlẹ̀, ẹnì kan á sì máa dá ohùn tirẹ̀ lé e lórí lójú ẹsẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ fún un. Bó bá ṣe tán, ẹlòmíì á gbà á. Ibi tó ti yàtọ̀ nìyẹn: ipò ìyáàlù kì í dúró lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tó ń lé lẹ́ẹ̀kan ni yóò máa gbè láìpẹ́.

Bí ẹ bá jókòó níwájú, ẹ má wo ìka wọn nìkan, ẹ wo ojú wọn. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó ń sọ pé ká padà sí orin tí a fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá na ìka mẹ́rin sókè, ó fẹ́ kí onífèrè àti onílù máa gba orin lọ́wọ́ ara wọn ní ìwọ̀n orin (bar) mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ń kéde èyí fún èrò. Ọmọ tí kò bá rí àmì náà, orin á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwé ò lè kọ́ èèyàn ní èyí dé góńgó. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n la ti ń rí i kọ́, bí ọmọ Àyàn ṣe ń kọ́ ìlù lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Art Blakey mọ èyí dáadáa. Ó lé ní 30 ọdún tí onílù yìí fi darí báńdì tó ń jẹ́ Jazz Messengers, àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń kó sínú rẹ̀ lemọ́lemọ́. Lee Morgan, onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, wà níbẹ̀ lọ́mọ 20 ọdún. Wynton Marsalis, onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì bíi tirẹ̀, dé ibẹ̀ ní 1980, kò tíì pé 20 ọdún. Bí wọ́n bá ti gbó dáadáa, wọ́n á lọ dá tiwọn sílẹ̀, Blakey á sì mú àwọn ọmọ míì wọlé.

Àjọ̀dún ló wá ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Ní 1954 ni George Wein bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lára èyí tó gbajúmọ̀ jù, ní Newport, ìlú etíkun kan ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ Miles Davis, onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, kún ètò nígbà tó kù díẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni. Òun àti Thelonious Monk, onídùùrù, jọ ṣeré lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló jẹ́ kí Columbia, ilé-iṣẹ́ àwo ńlá, gbà á.

Lọ́dún 1956, ó kan àgbà. Ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé ìgbà Duke Ellington, onídùùrù tó ní báńdì ńlá tirẹ̀, ti kọjá. Ó ti pé ọdún 57. Lórí ìtàgé Newport, ó ní kí Paul Gonsalves gbé sasofóònù sẹ́nu. Gonsalves yí orin kan po nígbà 27 láìdúró. Obìnrin kan kúrò níbi tó jókòó sí, ó ń jó, èrò dìde. Ẹ wá wo Jo Jones, onílù àgbà tí kì í ṣe ara báńdì náà rárá: ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ló wà, ó ká ìwé ìròyìn lọ́wọ́, ó ń fi í lùlù sí wọn. Ellington alára ń pariwo sí Gonsalves pé kó máa lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ Ellington ti tún rú jáde.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan ni. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ló gbé ìlù wa dé àárín àwọn oníjáàsì ní New York. John Coltrane, onísasofóònù, fi orúkọ Olatunji sọ orin kan. Ní ilé àṣà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem ni wọ́n sì ti gba ohùn eré Coltrane kan sílẹ̀ ní April 1967, oṣù mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀. Jáàsì àti háíláìfù ni Fela fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báńdì rẹ̀, Koola Lobitos. Tony Allen tó ń lùlù fún un gbọ́ Blakey nínú àwo nígbà tó wà léwe. Ó ti lé ní ọdún 75 kó tó ṣe àwo tirẹ̀ láti fi bu ọlá fún Blakey. Nítòsí wa níbí, lọ́nà Iléṣà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni Orlando Julius tó fi sasofóònù da háíláìfù pọ̀ mọ́ orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ní 2022 ló fi ayé sílẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fun sasofóònù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ò mọ̀ ọ́n.

Kí ló kù tí Ifẹ̀ ò ní? Ní 1968, Orí Olókun, ilé àṣà kan ní àdúgbò Àrùbídì ní Ifẹ̀, kó eléré, oníjó, onílù àti ayàwòrán pọ̀ sójú kan; Akin Euba, onímọ̀ orin, wà lára wọn. Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka orin, ó ní gbọ̀ngàn Odùduwà. Àwọn onílù wà láàfin, wọ́n wà nígboro.

A máa ń sọ ọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ètò orin, ìgbà tí wọ́n ṣì ń to àga ni ọmọdé ń ṣeré. Bí èrò bá pé tí ọ̀gá bá dé, ọmọdé ti tú ohun èlò rẹ̀ palẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ lára ara wọn báyẹn?

Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyí. Kí wọ́n fi í sí ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́gbà, kó má forí gbárí pẹ̀lú Ọlọ́jọ́. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí gbọ̀ngàn, torí ohùn báàsì rọlẹ̀, ariwo á bò ó. Kí àgbà ọ̀jẹ̀ tí wọ́n bá pè dé ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí òun àti àwọn ọmọ tó máa bá a ṣeré jọ gbára dì, kí wọ́n jọ jẹun. Kí alẹ́ kan jẹ́ ti báńdì jáàsì pẹ̀lú àwọn onídùndún, kí wọ́n sì san owó fún onídùndún bí wọ́n ṣe ń san án fún onísasofóònù. Lẹ́yìn eré alaalẹ́, kí ìtàgé ṣí sílẹ̀: ẹni tó bá ní ohun èlò lọ́wọ́, kó gòkè wá. Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, kí ọmọdé ló kọ orin, kí ọmọdé ló máa fọwọ́ kan orí fún àmì, kí ọ̀gá sì máa gbè.