Ìpín Bàbá Rẹ̀ Là Ń Jẹ

Bísímílááhì Ràhámánì Ràhíímù. Ẹ̀yin ará mi l'Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, àsàláàmù aléékún. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀.

Ìtàn kan wà nínú hádíísì Búhárì tí a kì í sábà gbọ́ lórí mínbárì. Àsílámù, ẹrú tí Úmárù, kálífà kejì lẹ́yìn Ànábì, sọ dòmìnira, ló sọ ọ́. Òun àti Úmárù ń lọ sọ́jà nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan pàdé wọn lọ́nà. Ó ní: "Aṣáájú àwọn onígbàgbọ́, ọkọ mi ti kú, ó fi ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, wọn ò ní ẹsẹ̀ àgùntàn tí wọ́n máa sè, wọn ò lóko, wọn ò lẹ́ran tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀. Ọmọ Hùfáàfù ará Gífárì ni mí. Bàbá mi wà pẹ̀lú Ànábì ní Hudaibíyà." Ibẹ̀ ni àwọn sàábà ti bá Ànábì ṣàdéhùn.

Úmárù dúró, kò gbẹ́sẹ̀ mọ́. Ó kí i bí ẹni kí ẹbí. Ó lọ tú ràkúnmí kan tó lágbára, ó di àpò oúnjẹ méjì lé e, ó fi owó àti aṣọ sáàárín wọn, ó wá fi okùn ràkúnmí lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ó ní: "Máa fà á lọ. Kò ní tán kí Ọlọ́run tó fi oore mìíràn ránṣẹ́ sí yín."

Ọkùnrin kan ní èyí ti pọ̀ jù. (Irú wọn kì í wọ́n láwùjọ.) Úmárù jágbe mọ́ ọn: "Kí ìyá rẹ ṣọ̀fọ̀ rẹ! Mo rí bàbá obìnrin yìí àti arákùnrin rẹ̀ tí wọ́n dó ti odi kan títí wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Àwa la wá jí tí à ń pín ìpín wọn nínú ìkógun."

Ẹ wo àwọn àgbàlá àtijọ́ kan níbí. Àwòrán bàbá àgbà ṣì wà lára ògiri pálọ̀, fìlà pupa lórí, mẹ́dáyì láyà. Tirailleur ni wọ́n, ìyẹn sójà ilẹ̀ Áfíríkà lábẹ́ Faransé, ogun Faransé ni wọ́n jà. Lọ́jọ́ 26 oṣù Disẹ́ńbà 1959, Faransé ṣòfin tó so owó ìfẹ̀yìntì wọn mọ́ ojú kan. Ti àwọn èèyàn wọn ń gòkè, ti àwọn tiwa ò mira. Ọdún 2007 ni wọ́n tó mú owó àwọn tó jagun àtàwọn tó fara gbọgbẹ́ dọ́gba, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti di ará ọ̀run. A máa ń bú Faransé lórí ẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwa ńkọ́? Ìyàwó tí bàbá yẹn fi sílẹ̀, ta ló ń bi í bóyá ó jẹun?

Ọ̀rọ̀ òní náà ni. Lọ́jọ́ 17 oṣù Épírì 2025, sójà wa 54 kú ní òkè lọ́hùn-ún, níbi tí a ti bá Bùkínà Fasò àti Nìjẹ́ pààlà. Ilé wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Nígbà tí Jáfárì, ìbátan Ànábì, kú lójú ogun Mútà, Ànábì ní: "Ẹ se oúnjẹ fún ará ilé Jáfárì, nítorí ohun tó gba ọkàn wọn ti dé bá wọn." Oúnjẹ ń lọ sílé ọ̀fọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àwa là ń lọ jẹun níbẹ̀! Mi ò ní ká má ṣàdúà fún òkú. Àmọ́ kí opó yáwó pa màlúù fídáù, kí a sì gbé ike oúnjẹ lọ sílé, ìtìjú ni. Àwọn àbúrò ọkọ tó wá ń kó dúkìá àti ilẹ̀, ẹ ka Súúrà Nísáì, ẹsẹ 10: àwọn tó ń jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn láìtọ́, iná ni wọ́n ń jẹ sínú.

Ẹ̀yin ìyàwó sójà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìwé. Yìgì dára lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n òfin ìdílé wa ti 2004, ìgbéyàwó mérì (ọ́fíìsì ìjọba ìlú) nìkan ló mọ̀. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ ṣì wà láàyè, kí ẹ sì gba ìwé ìbí gbogbo ọmọ pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn níbẹ̀. Ẹni tí kò níwèé, tó bá ń bèèrè ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀, á máa lọ, á máa bọ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Faransé dáadáa, ẹ bá wọn kọ lẹ́tà, ẹ tẹ̀ lé wọn lọ sọ́fíìsì. Sàráà nìyẹn náà.

Lẹ́yìn ìrun òní, ẹ bi lémọ́ọ̀mù yín léèrè ilé opó tó wà ládùúgbò, ó mọ̀ wọ́n. Ẹ gbé ìrẹsì lọ, ẹ san owó iléèwé ọmọ kan, kí fóònù má sì jáde lápò láti ya fọ́tò opó tó ń gba àpò. Úmárù ò pe ẹnikẹ́ni wá wòran.

Ọlọ́run á forí jin àwọn tó ti lọ. Àmín.