Fóònù tí Okwe Gbé Kalẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará mi tí ẹ wà ní Peckham, ní Houston, ní Ìbàdàn àti níbi gbogbo tí ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Èmi nìkan ni mo jókòó síbí lónìí. N kò pe àlejò kankan, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti pẹ́ nínú mi.

Ẹ mọ àwọn fíìmù tí í gbé ọkàn ẹni sókè, àwọn tí wọ́n ń ṣe nípa Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 1929, nígbà tí Alfred Hitchcock mú kí àwọn ọlọ́pàá lé ọkùnrin kan dé orí òrùlé British Museum nínú Blackmail, ni ìlú yìí ti di pápá ìsáré fún amí, adigunjalè àti apànìyàn. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó mọ Lọ́ńdọ̀nù tí èmi mọ̀ ni Dirty Pretty Things, tí ó jáde ní ọdún 2002. Stephen Frears ni ó darí rẹ̀, Steven Knight ni ó kọ ọ́, Chiwetel Ejiofor sì ni ó ṣe Okwe, dókítà láti Nàìjíríà tí ó ń wa kábù ní ọ̀sán, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ òru ní iwájú òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Baltic. Ní òru ọjọ́ kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dí nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá. Okwe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọkàn ènìyàn ni ó fà jáde.

Ẹ̀yin rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí, àbí? Rárá o.

Okwe lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Señor Juan, ẹni tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ó ń fi páásípọ́ọ̀tù èké ra kíndìnrín lọ́wọ́ àwọn àlejò ìlú. Ọ̀gá náà kò pariwo, kò fa ìbọn yọ. Ó tẹ nọ́ńbà àwọn ọlọ́pàá, ó sì na fóònù sí Okwe pé kí ó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Okwe mú un dání, ó dákẹ́, ó sì gbé e kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dá fíìmù náà dúró, tí mo dìde, tí mo ń rìn káàkiri inú yàrá. Òǹkọ̀wé mìíràn ìbá gé wáyà, ìbá jẹ́ kí bátìrì kú, kí ìrànlọ́wọ́ má bàa tètè dé. Fóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni Knight fi sí ọwọ́ Okwe, ní àárín ìlú tí ọlọ́pàá kún inú rẹ̀, síbẹ̀ Okwe kò lè lò ó, nítorí orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè, kò sì ní pálì, ìyẹn ìwé ìgbélùú.

Èmi náà ti ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó lóru ní òtẹ́ẹ̀lì kan rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é mọ bí ó ṣe ń lọ, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Màmá kan wà láàrin wa tí ó yọ̀ ṣubú ní àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú lójú wa. Mo fa fóònù yọ láti pe áńbúláǹsì. Màmá fi ọwọ́ kejì di tèmi mú, ó ní, “Ọmọ mi, má pè wọ́n. Wọn yóò bèèrè orúkọ mi.” Orúkọ tí ó wà lára káàdì tí ó gbé kọ́rùn kì í ṣe tirẹ̀. A fi ìborùn di ọwọ́ náà, ó sì fi ọwọ́ kan nu bàlùwẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Títí di òní ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí kò sunkún rárá, ó kàn ń ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí àgbà ń kọ́ ọmọdé ní ọ̀nà ilé.

Kì í ṣe pé fíìmù náà kò ní ẹ̀rín o. Mo rẹ́rìn-ín púpọ̀ nígbà tí Okwe àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Guo Yi, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá òkú ní ilé ìwòsàn, ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Benedict Wong ni ó ṣe é, ó sì dùn ún wò.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ báyìí: “Àsọdùn ni. Ta ni yóò ta kíndìnrín nítorí páásípọ́ọ̀tù ní Lọ́ńdọ̀nù?” Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ Old Bailey dá Ike Ekweremadu lẹ́bi, ẹni tí ó ti jẹ́ igbákejì ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mú wá láti Èkó kí wọ́n lè yọ kíndìnrín rẹ̀ fún ọmọ wọn tí ń ṣàìsàn. Òun ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n dá lábẹ́ òfin ọdún 2015 tí ó lòdì sí ìsìnrú òde òní. Mo káàánú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ọmọ tẹnikẹ́ni ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹnìkan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, tí ń pàtẹ ọjà ní ìgboro Èkó.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Kí ló dé tí wọn kò tẹ̀lé òfin?” Senay ńkọ́, ọmọ Tọ́kì tí Audrey Tautou ṣe nínú fíìmù náà? Ó ti lọ bá ìjọba, ó ti bẹ̀bẹ̀ fún ibi ìsádi, orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Òfin sì kọ̀ fún un láti ṣiṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2002 yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé àǹfààní tí ẹni tí ó ti dúró fún oṣù mẹ́fà ní láti tọrọ àyè kí ó lè ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún mi, kí ni ó fẹ́ jẹ? Ẹ má wulẹ̀ fi òfin lé mi lójú bí ẹ kò bá lè dá mi lóhùn lórí oúnjẹ.

Ẹlòmíràn tún lè ní, “Fíìmù náà dójú tì wá, ó sọ wá di arúfin lójú ayé.” Ta ni ó dójú tì? Okwe ni ẹni tí ó mọ̀wé jù, tí ó sì mọ́ lọ́wọ́ jù nínú fíìmù náà. Ó fún aláìsàn ní oògùn, kò sì gba owó ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ń wá àwòrán Yorùbá, Igbo tàbí Hausa tí ó ṣeé mú yangàn ní ìlú òkèèrè, ọkùnrin yìí ni kí ẹ wò.

Ibì kan wà tí n kò bá fíìmù náà gbà. Ní ìparí, Okwe àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi oògùn kun Señor Juan lóorun, wọ́n sì yọ kíndìnrín tirẹ̀. Ó tẹ́ni lọ́rùn, mo mọ̀, àwọn tí a jọ wò ó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ìdájọ́ sílẹ̀ sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀dọ́mọkùnrin Èkó yẹn tí wọ́n fẹ́ yọ kíndìnrín rẹ̀, ní tirẹ̀, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àgọ́ ọlọ́pàá ní Staines, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Ìgboyà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹnìkan kọ eré lé lórí, kí ó fi ìpayà tí ó ń bẹ nínú ìrìn náà hàn wá, láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí àga.

Bí ẹ bá ti wò ó, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ìbá dúró lórí fóònù yẹn.