Òṣùwọ̀n Ta Ni A Fi Ń Ka Ẹ̀jẹ̀ Wa?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín o. Ìbéèrè tí wọ́n gbé fún mi ni pé: ẹ̀jẹ̀ tí a fà lápá aláìsàn kí a tó yọ àpò ìtọ̀ rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, ṣé ó lè sọ fún wa bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣe rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ó lè sọ. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a fi ń kà á kì í ṣe tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà.

Ní 1863 ni Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ funfun, sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, máa ń pọ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ. Ó ní ibi tí ara bá ti ń wú, tó ń pọ́n, tó ń gbóná fún ìgbà pípẹ́ ni àrùn náà ti ń rí ilẹ̀ hù. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ta ni kò mọ àtọ̀sí ajá, àrùn tí kòkòrò inú odò ń fà, níbí? Ẹyin kòkòrò yẹn ló ń há sára àpò ìtọ̀, tí ara ń bá a jà lọ́dọọdún, títí ibẹ̀ yóò fi yí padà. Láti 1994 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ lọ sí àwọn abúlé ẹ̀bá dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, kí ẹ bi àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ bí ìtọ̀ wọn ṣe rí.

Nínú ẹ̀jẹ̀ funfun, neutrophil ló máa ń kọ́kọ́ dé ojú ìjà. Jẹjẹrẹ a sì máa fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀: neutrophil náà a máa tú ohun tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù, tí kókó náà fi ń rí jẹ. Lymphocyte ní tirẹ̀ ló ń dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ̀ tó sì ń pa á. Ẹ fi iye lymphocyte pín iye neutrophil; èyí tó jáde ni ìpín tí à ń sọ. Ìwádìí púpọ̀ láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà fi hàn pé ẹni tí iye yìí bá ga kí wọ́n tó yọ àpò ìtọ̀ rẹ̀ kì í sábà pẹ́ láyé bí ẹni tí tirẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ààlà sí nǹkan bíi 2.5 sí 3.

Ààlà ta ni? Neutrophil ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa kéré sí ti òyìnbó, kì í sì í ṣe àìsàn. Ní 2009 ni wọ́n rí i pé àyípadà kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní Duffy ló fà á, èyí kan náà tí kì í sábà jẹ́ kí irú ibà tí wọ́n ń pè ní vivax rí ọ̀nà wọnú ẹ̀jẹ̀ pupa wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí kò ní in. Ẹ jẹ́ ká ní neutrophil ẹnì kan jẹ́ 2, lymphocyte rẹ̀ 2. Ìpín rẹ̀ jẹ́ 1. Bí jẹjẹrẹ bá ti neutrophil náà dé 4, ìpín ti di ìlọ́po méjì, ìwé wọn yóò sì máa sọ fún wa pé kò séwu. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap ń wá àbùdá ọmọ ènìyàn kiri, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára èyí tí wọ́n gbà. Ẹ̀jẹ̀ wa ti wúlò fún gbogbo ayé. Ààlà tiwa ni n kò tíì rí. Àwọn kan ń sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ ìran da ìmọ̀ rú. Kí wọ́n gbé ìwé láàbù aláìsàn wọn wá, kí a jọ kà á.

Alága ti ń nawọ́ aago sí mi. Kíá: CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí ara bá ń wú, tó bá ju 10 mg/L lọ, pẹ̀lú albumin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń wálẹ̀ nígbà náà, tí kò tó 35 g/L, àmì burúkú ni. Ibà, rọ́bà ìtọ̀ tó ti pẹ́ lára, àti oògùn prednisolone tí àwọn ènìyàn ń rà ní kẹ́míìsì nítorí ara ríro, gbogbo wọn ló lè da iye náà rú.

Ìbéèrè kan ló kù kí n gbà. Màmá kan dìde lẹ́yìn: “Dókítà, oṣù mẹ́jọ ni bàbá àwọn ọmọ mi fi tọ ẹ̀jẹ̀. Kò dùn ún. Àtọ̀sí ni wọ́n ń tọ́jú. Ta ló ń ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn?”

Mo pa ẹ̀rọ àwòrán mi. Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ láìsí ìrora, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí wo inú àpò ìtọ̀. Orúkọ náà ń tàn wá: a ń pe èyí tí à ń kó nínú ìbálòpọ̀ ní àtọ̀sí, a ń pe ti inú odò ní àtọ̀sí ajá, jẹjẹrẹ sì ń sá pamọ́ sáàárín méjèèjì. Tó bá ti wọ ẹran ara àpò ìtọ̀, tí iṣẹ́ abẹ sì fi ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ lẹ́yìn tí a ti mọ̀, ẹ̀mí aláìsàn ló ń san án. Mo gbà pé nínú iye gíga tí a ń bá pàdé lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ìdádúró wà níbẹ̀. Èmi tí mo ń bèèrè ààlà wa látàárọ̀ kò bèèrè ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, láti ọjọ́ Ajé, tí ẹ bá ń kọ iye neutrophil àti lymphocyte sínú fáìlì, ẹ kọ ọjọ́ tí aláìsàn kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ bi ìyàwó rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò bá rántí.