Ìlà tó ń là ojú fótò: bí mo ṣe ń bá síkánà fíìmù yí i

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń sọ pé kí n fi bí mo ṣe ń ṣe nẹ́gátíìfù àtijọ́, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fótò láyé àtijọ́, hàn yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra síkánà, ẹ̀rọ tó ń sọ fíìmù di fótò orí kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ ò tíì rí ojú rere rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà.

Síkánà tẹ́ ẹ ń wò yìí, owó tí mo fi rà á tó ra ọ̀kadà. Síbẹ̀, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí kò bá wù ú, á dúró láàárín fótò, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí i. Mo gbé e fún ẹnì kan tó ń tún irú rẹ̀ ṣe, ó gbowó, àmọ́ ìlà tí mo torí ẹ̀ gbé e lọ tún padà wá. Ìlà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, torí mo ti mọ ibi tó ń gbà wọlé. Ẹnì kankan ò kọ́ mi. Mo jókòó tì í títí mo fi mọ ìwà rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má so ó mọ́ iná NEPA tààrà. Ẹ gbé e sórí UPS, àpótí oní-bátìrì tó ń gbé iná dúró tí NEPA bá mú un lọ. Tí iná bá ṣẹ́jú báyìí, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tí iná inú rẹ̀ kì í bá ṣe LED, ẹ tàn án sílẹ̀ kó gbóná díẹ̀.

Ẹ wẹ ọwọ́, kó gbẹ dáadáa. Etí fíìmù lẹ ó dì mú. Ẹ wo etí yẹn náà, ibi tí orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà wà: tí lẹ́tà bá kọjú sẹ́yìn, ẹ yí fíìmù padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó gẹ fìlà sápá òsì á di ẹni tó gẹ ẹ́ sápá ọ̀tún, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì rí i.

Rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn yìí ni kẹ́ ẹ fi lé eruku. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi etí aṣọ nu fíìmù, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín! Ohun tẹ́ ẹ bá ti họ kúrò lára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ náà, itọ́ ń bá a lọ.

Ó yá, ẹ sún mọ́ bí. Lókè férémù tí fíìmù ń wọ̀, ṣé ẹ rí àyè ṣófo yìí? Ẹ má gbé nǹkan kan lé e. Ibẹ̀ ni síkánà kọ́kọ́ ń wò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ bí iná rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Tí eruku bíńtín bá wà níbẹ̀, á rò pé iná ò tó lójú ibẹ̀, á wá máa fi kún un láti òkè fótò délẹ̀. Ìlà tó ń là á gbọọrọ nìyẹn.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ bóyá fíìmù ló ni ìlà àbí síkánà? Ẹ yí fíìmù, kí orí di ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Tí ìlà bá bá fíìmù yí, ara fíìmù ló wà. Tó bá dúró sójú kan náà lórí gíláàsì, síkánà ló ni ín. Bàbá kan láti Ìrémọ gbé nẹ́gátíìfù ọdún 1980 wá, ìgbà tí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé gorí ìtẹ́. Ìlà kan là ojú ìyá wọn gààrà. Wọ́n ti sọ fún wọn níbòmíràn pé fíìmù ti bàjẹ́. Mo yí i, ìlà kúrò lójú màmá, ó bọ́ sára ògiri. Mo fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu awò ojú nu àyè òkè yẹn, ìlà pòórá. Fíìmù ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni!

Níbi tẹ́ ẹ ti ń yan dpi, ìyẹn iye àmì tí síkánà ń kà nínú ínṣì kan, 2400 ni kẹ́ ẹ fi sí. Fíìmù 35mm á fún yín ní nǹkan bíi píséẹ̀lì 3400 sí 2270, ó tó tẹ fótò oní-ínṣì 11 sí 7½. Wọ́n kọ 6400 sára páálí. Fáìlì ló máa tóbi, fótò ò ní mọ́ jù báyìí lọ. TIFF, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kan kúrò lára fótò, ni kẹ́ ẹ fi pamọ́.

Ẹnì kan ní òun tan Digital ICE, ohun inú síkánà tó ń wá eruku tó sì ń pa á rẹ́, ojú èèyàn wá ń fọ́. Ṣé fíìmù dúdú-òun-funfun ni? Ẹ pa á! Fàdákà wà nínú fíìmù yẹn, ìtànṣán tó fi ń wá eruku ò lè kọjá, á pe ojú èèyàn ní eruku, á máa pa á rẹ́. Fíìmù aláwọ̀ la ń tàn án fún.

Ẹlòmíràn ní ṣé fóònù ò lè ṣe é. Fún WhatsApp, ó lè ṣe é. Fún títẹ̀, rárá.

Ó ti jáde. Ẹ wo ibi gèlè, ẹ wo ògiri ẹ̀yìn: kò sí ìlà. Kẹ́ ẹ tó ki fíìmù kejì bọ̀ ọ́, ẹ tún fẹ́ atẹ́gùn sí àyè òkè yẹn. Tí tiyín bá ń là lọ́nà mìíràn, ẹ fi fótò rẹ̀ ránṣẹ́, màá wò ó.