Igi Ńlá Lórí Yìnyín: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù Sọ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ atamátàsé, mo mọ̀ pé Rashidi Yekini tàbí Victor Osimhen lẹ ó máa retí. Ẹni tí mo mú wá kò fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Orí yìnyín ló ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, nínú eré họ́kì, ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Jarome Iginla lorúkọ rẹ̀.

Bí mo ṣe dárúkọ yẹn ni ọmọbìnrin kan níwájú ti nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Igi-ńlá tiwa yìí náà ni?"

Òun náà ni. Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti lọ sí Kánádà, Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ìlú Edmonton ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ọdún 1977, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń pe orúkọ náà, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà. Ẹni tó bá ti gbé áìsì blọ́ọ̀kù lọ́jà ẹja Olúwo mọ bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá fojú inú wo pápá kan tó jẹ́ kìkì áìsì, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 200, ó sì fẹ̀ tó 85. Àwọn mẹ́fà mẹ́fà ló ń dojú kọ ara wọn, adílé wà nínú wọn, atamátàsé sì jẹ́ mẹ́ta. Irin tín-ín-rín bí ojú ọ̀bẹ ló wà lábẹ́ bàtà wọn. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá róbà dúdú pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì. Inú fíríjì ni wọ́n máa ń kó o sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún.

Ìṣẹ́jú 60 ni eré, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n atamátàsé kì í dúró lórí yìnyín ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa sáré tẹ̀mítẹ̀mí, á fò padà sórí bẹ́ǹṣì, ẹlòmíì á bọ́ sí i, eré ò sì ní dúró. Bí ìgbà tí àwọn tó ń gún iyán bá ń gba ọmọ odó lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ kí odó dákẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lórí yìnyín torí kí wọ́n lè rí òun, ikọ̀ rẹ̀ ló ń pa lára.

Ohun tó wù mí jù nínú eré náà nìyí, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí gbogbo yín fẹ́ wọ nọ́ńbà 9: bí ẹnìkan bá gbá góòlù, wọ́n á kọ máàkì kan fún un. Ẹni tó pọ́ọ̀sì fún un náà máa gba máàkì kan. Ẹni tó pọ́ọ̀sì fún apọ́ọ̀sì lè gba tirẹ̀ pẹ̀lú. Máàkì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Mo ti ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ ládùúgbò yìí fún ọdún púpọ̀, mo sì ti rí ọmọ tó ní ẹsẹ̀ gidi tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì nítorí pé kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún pọ́ọ̀sì.

Iginla gan-an, adílé ló fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré kó tó bọ́ síwájú, lápá ọ̀tún. Àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bi í pé báwo ni ọmọ dúdú ṣe fẹ́ dé NHL, líìgì tó ga jù lọ nínú eré náà. Grant Fuhr ló máa ń tọ́ka sí, adílé aláwọ̀ dúdú tó ń gbá fún Edmonton nígbà náà. Tipẹ́tipẹ́ ni Willie O'Ree sì ti la ọ̀nà, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá nínú líìgì náà, ní ọdún 1958, ojú kan ṣoṣo ló sì ń ríran.

Ní 1995, àwọn ikọ̀ líìgì jókòó láti ṣa àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Dallas sì mú Iginla ní ipò 11. Kó tó gbá eré kan fún wọn, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ Joe Nieuwendyk, gbajúmọ̀ ọmọ ikọ̀ Calgary. Ọmọ ọdún 18 ni. Ẹni tí wọ́n fi ọ́ dípò rẹ̀ jẹ́ ààyò àwọn èèyàn, ìwọ sì rèé, wọn ò tíì mọ̀ ọ́. Ó wà ní Calgary títí di 2013, ó sì di balógun ikọ̀ náà.

Sáà 2001 sí 2002 ló tàn jù: góòlù 52, máàkì 96, kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì náà nínú méjèèjì. Nínú sáà yẹn náà ló gba wúrà Olympics ní Salt Lake City. Góòlù méjì ló gbá nínú márùn-ún tí Kánádà fi na Amẹ́ríkà, 5 sí 2. Àwọn ọkùnrin Kánádà ò tíì rí wúrà họ́kì láti ọdún 1952. Òun náà sì ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Olympics ìgbà òtútù.

Èyí tó dùn mí ni pé kò gba Stanley Cup, ife àwọn tó borí nínú NHL, rí. Ní 2004, ó kó Calgary dé àṣekágbá, Tampa Bay sì borí wọn ní eré keje, 2 sí 1. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Pittsburgh, Boston, Colorado àti Los Angeles, ife náà ò bọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2018, ó ti gbá eré 1,554. Ẹ kọ àwọn tó kù yìí sílẹ̀: góòlù 625, pọ́ọ̀sì tó di góòlù 675. Atamátàsé tí pọ́ọ̀sì rẹ̀ ju góòlù rẹ̀ lọ! Wọ́n yàn án sí Hall of Fame, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni họ́kì, ní 2020, ọdún àkọ́kọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìbéèrè, mo gbé fóònù mi síta, mo fi fídíò kan hàn wọ́n. Vancouver ni, ọjọ́ 28 oṣù kejì, ọdún 2010, àṣekágbá Olympics, Kánádà àti Amẹ́ríkà ní 2 sí 2, wọ́n ti wọ àfikún àkókò. Sidney Crosby, ọmọ ikọ̀ Kánádà, pariwo ìnagijẹ Iginla, "Iggy!" Ọ̀tá ti so mọ́ Iginla lára ògiri, ó ti ń ṣubú lọ, ó sì ti pọ́ọ̀kì náà sí i kó tó balẹ̀. Crosby gbá a wọlé. Gbogbo pápá dìde.

Àwọn ọmọ náà hó. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n rí, gbogbo wọn ní Crosby. Mo dá fídíò náà padà, mo ní kí wọ́n má wo àwọ̀n, kí wọ́n wo igun ọwọ́ ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnìkan ti ń ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ní kí n tún un ṣe.